Owó Iṣẹ́ Alájọ

Ìṣirò ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun ló ṣírò owó fún mi lórí fóònù. Ó ní alájọ tó ń wá sílé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá ń mú owó ọjọ́ kan lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, kì í sì í fún mi ní èlé kankan.

"Dádì, ó ti pọ̀ jù jàre. Ẹ jẹ́ ká kó o sínú fọ́ńdì."

Fọ́ńdì yìí, ilé-iṣẹ́ kan ló ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀, tó ń fi dókòwò fún wọn. Mo gbà. Ìyàwó mi ló bẹ̀rẹ̀ àjọ náà, èmi ni mo ń dá a lọ lẹ́yìn tó kú. Láràárọ̀, yàtọ̀ sí Sọ́ńdè, alájọ náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan, á kan géètì, á ní, "Tíṣà, ṣé ẹ jí dáadáa?" kó tó sàmì sí káàdì. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ dáwọ́ dúró, ó ka owó mi fún mi pé pérépéré.

"Kò burú, Tíṣà. Ọlọ́run á bù sí i."

Láti ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni ò kan géètì mi mọ́.

Nígbà tí ọdún yípo, fọ́ńdì fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́. Mo wá ibi tí wọ́n ti yọ owó iṣẹ́ tì. Inú mi dùn bí òmùgọ̀, mo rò pé ọ̀fẹ́ ni, torí ojú mi ni alájọ ti ń mú tirẹ̀. Mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkòtún láti lọ dúpẹ́. Ọmọbìnrin tó wà ní kàǹtà rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, Bàbá. Ojoojúmọ́ la ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí iye tí ẹ̀ ń rí tó jáde. Ti àwọn tó ń bójú tó o wà níbẹ̀, ti báǹkì tó ń tọ́jú ìwé ìdókòwò náà wà níbẹ̀."

Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró. Kò tó ti alájọ rárá, owó mi sì ti lé sí i. Òótọ́ lọmọ mi sọ. Ṣùgbọ́n inú bí mi: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú lára owó mi, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n béèrè bóyá mo jí.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ayálégbé òkè ti ń jáde kílẹ̀ tó mọ́. Mo dùbúlẹ̀, mo ń tẹ́tí sí géètì. Ẹ̀rù bà mí, mo sì sunkún, àgbà bíi tèmi. Lọ́jọ́ kẹrin tí mo lè dìde, mo pe alájọ pé kó wá sílé.

"Há, Tíṣà! Ẹ ti rù o!"

Mo ní owó fọ́ńdì á wà níbi tó wà, àmọ́ kó ṣí káàdì tuntun fún owó kékeré. Ó yọ bírò.

"Ẹ mọ̀ pé owó tòní, tó jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tèmi ni o."

Mo ní mo mọ̀. Mo wá bi í léèrè nípa ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Sọ́ńdè kẹ̀? Mi ò kì í ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè, Tíṣà."

Mo ní kó máa mú owó ọjọ́ méjì lóṣù, kó ṣáà máa kan géètì mi ní Sọ́ńdè náà.