Bàbá Aládé Oníwáyà

Ọjọ́ tí àwọn àlejò ńlá wá wo iṣẹ́ Bàbá Aládé, orí àga aláìsàn ni wọ́n ti bá dókítà fúnra rẹ̀. Ó dé fìlà oníwáyà, omi tútù tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ orí ń ṣàn bọ̀ létí rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan ló fà á. Bí wọ́n bá gbé fìlà tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ariwo ta. Bí Bàbá bá dé òmíràn sórí ara rẹ̀, ọmọ a dákẹ́. Bó bá ṣí i, ariwo tún ta. Ni àwọn méjèèjì bá jọ jókòó bí ìbejì. Olórí àlejò wo Bàbá títí, àánú ṣe é, ó rọra bi nọ́ọ̀sì:

"Ìgbà wo ni àìsàn bàbá yìí bẹ̀rẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì, tó ti ń bá Bàbá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, ní, "Hẹn, sà, ó ti pẹ́."

Bàbá kì í pè é ní fìlà. Adé ló ń pè é fún àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni àwọn òbí ti mú orúkọ fún un. Àìsàn tó ń tọpa rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ọmọ á máa pe màmá, á máa sáré kiri. Tó bá yá, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ò ní lè di nǹkan mú mọ́. Oògùn tuntun ń bọ̀, àmọ́ báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀? Àmì kan ni Bàbá ń wá nínú ìlà tí ọpọlọ ń gba inú fìlà náà fà lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí yóò sọ̀rọ̀ fún ọmọ náà.

Nígbà kan, ó fẹ́ wo ọpọlọ ọmọ tó ń sùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin rẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n orin náà gùn. Kó tó parí, bàbá ọmọ ti ń hanrun, nọ́ọ̀sì ti forí ti ògiri, ọmọ nìkan ló lajú kalẹ̀, tó ń wò ó bí ẹni tó ń retí ẹsẹ kejì.

Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó já jáde ní yàrá. "Mo ti rí i! Mo ti rí àmì náà!" Ó sọ fún gbogbo ọ́fíìsì, ó sọ fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe lọ́nà. Ìgbà tó padà wọlé, ó wo ìlà, ó wo ọmọ. Ọmọ ń payín keke. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àmì náà ti wá, kì í ṣe ọpọlọ! Ó tún jáde, ó lọ ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Má bínú," ó wí fún atúnẹ̀rọṣe, "eyín ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Eyín ọ̀hún dáa ṣá?"

"Ó dáa gan-an ni."

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, alángbá lásán ń lé e sá. Nígbà tí àmì gidi yọjú, Bàbá ò pariwo mọ́. Ó rí i pé bí àìsàn náà bá ṣe le tó ni ọpọlọ ọmọ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dá ohùn tó gbọ́ lóhùn. Ó wò ó lára ọmọ kan, ó wò ó lára òmíràn, ó wò ó títí ọkàn tirẹ̀ fi dúró lójijì. Àmì ọ̀hún ni wọ́n fi ń dán oògùn tuntun wò báyìí. Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ibi tí yóò já sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, àwọn òbí pé jọ sí yàrá tí wọ́n ti máa ń dúró dè é, wọ́n ń ròyìn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ìyá kan wá lanu.

"Bàbá ní kí n pe ọmọ mi lórúkọ. Mo ní kí ni mo fẹ́ pè é sí, ẹni tí kì í yíjú sí mi mọ́? Ó ní, 'Ìyá, ẹ ṣáà pè é.' Mo pè é, mo pè é, títí ó fi ní ó tó. Ló bá kó àwọn ìlà náà pọ̀, ó nawọ́ sí ibì kan tí ìlà ti ga sókè díẹ̀. Ó ní, 'Ohùn yín pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó dé.'"

Ìyá náà tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Àtọjọ́ náà ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí òfófó àdúgbò wa tí ọmọ yẹn ò gbọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè gbójú sókè.