Àmì Ìsàlẹ̀ Méjì

"Jẹ́ẹ́dé, má jẹ́ kí àmì ìsàlẹ̀ bọ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Mùyìbátù bá àbúrò rẹ̀ sọ nìyẹn. Ó fẹ̀yìn ti ògiri nínú yàrá, ó ń wo bí Jẹ́ẹ́dé ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ṣa rọ́bà tó ṣẹ́kù kúrò lára orúkọ sítíkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Jẹ́ẹ́dé ní òun ti gbọ́. Ó jáde lọ bu omi. Nígbà tó fi máa padà wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ. Omi náà wà nínú ife lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí a ti ń sin mùsùlùmí. Dókítà ní àìsàn ọkàn ni. Jẹ́ẹ́dé kò bá a jiyàn. Òun náà ní orúkọ tó ń pe àìsàn náà. Adégbénró ló ń pè é.

Bí o bá ti gun ọ̀kadà rí ní Ṣakí, tí o rí orúkọ tó ń dán yanran lára táǹkì epo rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọwọ́ Mùyìbátù ló ti jáde. Ẹ̀rọ kan ló ní, kò ju páálí bàtà mẹ́ta tí a tò mọ́ra lọ. Wàá ya orúkọ sójú fóònù, fóònù á bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, abẹ kékeré inú rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, á gé rọ́bà sítíkà náà bí o ṣe yà á gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ Pólì máa ń sọ pé lókè òkun, ilé làwọn èèyàn ti ń fi irú ẹ̀rọ yìí ṣeré, pé wọ́n ń fi gé káàdì ọjọ́ ìbí. Mùyìbátù kò fi ṣeré. Òun ló fi ń jẹun. Òun ló fi tọ́ Jẹ́ẹ́dé láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú.

Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni Jẹ́ẹ́dé ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìwé tó kà, orí ẹ̀rọ yẹn ló ti kà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ pé kó gé kékeré wò kó tó gé ńlá. Igun rọ́bà ni yóò kọ́kọ́ gé, bí èékánná báyìí, kó lè mọ̀ bóyá abẹ wọlé jù tàbí kò wọlé tó. Bí abẹ bá kú, wọn kì í yára sọ ọ́ nù. Mùyìbátù á he bébà fàdákà inú páálí sìgá, á fún un pọ̀ di kókó, á máa fi ẹnu abẹ gún un bí ẹni ń tú eéwo. Abẹ á tún mú. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti aṣọ, èyí tí wọ́n máa fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí orúkọ náà padà, kí ọ̀tún di òsì, kí o tó gé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Jẹ́ẹ́dé gbàgbé, ẹ̀wù méjìlá tí wọ́n fẹ́ fi ṣe wòlímọ̀ ló kọ ẹ̀yìn síwájú. Mùyìbátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ẹ́dé, àwọn àlùjọ̀nnú lo kọ ọ́ fún. Àwọn nìkan ló lè kà á."

Ẹní alẹ̀mọ́ wà pẹ̀lú, èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ rọ́bà lé kí ẹ̀rọ tó gbé e mì. Ìyàwó ló ń pè é. Ó ní bí o bá fọwọ́ líle mú un, kò ní gbà fún ọ mọ́. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá bo gbogbo Òkè-Ògùn, ṣe ló máa ń daṣọ bò ó bí ẹni daṣọ bo ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá sì gé nǹkan tán, kì í ká rọ́bà kúrò lára ẹní, nítorí rọ́bà á wọ́. Ẹní ni yóò ká kúrò lára rọ́bà.

Ṣùgbọ́n àmì ìsàlẹ̀ ló ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àmì abẹ́ ẹ, àmì abẹ́ ọ, àmì abẹ́ ṣ. Wọn kò ju horo bàbà lọ. Bí o bá ń ṣa rọ́bà kúrò, wọ́n á bá pàǹtí lọ, o ò ní mọ̀. Àwọn yòókù tó ń gé sítíkà nílùú kò bìkítà. Mùyìbátù náà kò kọ́kọ́ bìkítà, títí di ọjọ́ tí Tíṣà Olúwafọlákẹ́mi, tó ń kọ́ni ní Yorùbá, dá ogún àpò ìwé tó lẹ orúkọ mọ́ padà fún un tìbínú-tìbínú. Tíṣà mú ẹfun, ó kọ nǹkan méjì sára ilẹ̀kùn: ọ̀ṣọ́, òṣó. Ó ní, "Mùyìbátù, èkíní ni ohun tí à ń fi ṣe ara lóge. Èkejì ni ẹni tí ń pa ọmọ ọlọ́mọ. Àmì méjì péré ló yà wọ́n."

Láti ọjọ́ náà, Mùyìbátù kò jẹ́ kí àmì kan bọ́ mọ́. Á mú un tóbi díẹ̀ lójú fóònù kó tó gé e. Bó bá ń ṣa rọ́bà, á fi èékánná tẹ àmì náà mọ́lẹ̀. Kò pa ọ̀rọ̀ ara ilẹ̀kùn náà rẹ́. Ó ní lọ́jọ́ kan, òun á ṣí ṣọ́ọ̀bù onídígí, Ilé Ọ̀ṣọ́ lòun ó sì pè é.

Adégbénró wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ọdún méjì ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Mùyìbátù. Inú abọ́ kan náà lòun àti Jẹ́ẹ́dé ti jọ ń jẹun. Nígbà tó gba òmìnira tán, ó rí i pé ọ̀dọ̀ Mùyìbátù ni gbogbo ọlọ́kadà ṣì ń lọ.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Ràsáàkì ọlọ́kadà ṣubú lọ́nà Ìgbòho, apá rẹ̀ kán. Adégbénró lọ sí ìdíkọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Ó ní Ràsáàkì ni ẹnì kẹta tí yóò ṣubú pẹ̀lú orúkọ tí obìnrin yẹn lẹ̀ mọ́ táǹkì. Ó ní, "Ọwọ́ tó ń gé rọ́bà lọ́sàn-án, ṣé ẹ mọ ohun tó ń gé bí ilẹ̀ bá ṣú?" Kò pè é lájẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ méjì ọ̀kadà wá jíjẹ, ẹ̀rù kì í pẹ́ bà á. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń fi abẹ fá orúkọ ara wọn kúrò lára táǹkì. Mùyìbátù ń ti ọjà bọ̀, ó bá wọn níbẹ̀, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń fá a. Ó kí wọn. Ẹni méjì péré ló dá a lóhùn. Ó délé, ó gbé oúnjẹ tì. Oṣù keje lẹ́yìn rẹ̀ ló kú.

Ọjọ́ kẹjọ àdúà ni Ràsáàkì wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Jẹ́ẹ́dé. Ó ní màálù ló já lu òun lọ́nà Ìgbòho. Òun sọ fún wọn, wọn kò gbọ́.

"Ṣé ẹ̀yin náà fá tiyín?"

Ràsáàkì wo ilẹ̀. "Mo fá a."

Jẹ́ẹ́dé ní kò burú. Láti ọjọ́ yẹn, kò fi ọkàn sí ohun mìíràn. Ó kọ́kọ́ ro iná. Iná yóò jó ṣọ́ọ̀bù Adégbénró, àwọn èèyàn á sì bá a kẹ́dùn. Ó fi iná sílẹ̀. Iná kì í sọ̀rọ̀, ohun tí yóò sọ̀rọ̀ ló ń wá.

Ẹsẹ̀ Adégbénró fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó ti ra ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ bánà, ṣùgbọ́n èyíinì kò lè gé lẹ́tà. Ó sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù onídígí lọ́nà Pólì. Ó kí Jẹ́ẹ́dé kú ará fẹ́ra kù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà ni Àǹtí. Lẹ́yìn náà ló fa bébà yọ: lẹ́tà oníwúrà lòun fẹ́ sára dígí, ILÉ Ọ̀ṢỌ́.

Jẹ́ẹ́dé wo bébà náà. Ó wo ilẹ̀kùn, níbi tí ẹfun Tíṣà ṣì wà.

"Fojú sílẹ̀ wò ó dáadáa o," ni Adégbénró wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Mo mọ̀ pé ìwọ àti ìwé ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀ọ̀dá. N ó wò ó."

Ó ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni ṣe é fún ọba. Ó fi abẹ gún bébà fàdákà. Ó gé kékeré wò. Ó gé ńlá. Ó ká ẹní kúrò lára rọ́bà, kò wọ́ rárá. Ó wá mú abẹ́rẹ́. Ó kan àmì abẹ́ ọ àkọ́kọ́, ó sì dúró. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yọ ọ́. Ó yọ èkejì pẹ̀lú, ó lẹ méjèèjì mọ́ ìdérí ẹ̀rọ. Àmì abẹ́ ṣ, kò fọwọ́ kàn án. Ó mọ ohun tó ń kọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ lẹ̀ ẹ́. Ó fi omi ọṣẹ wọ́n dígí, ó tẹ́ lẹ́tà náà lé e, ó fi káàdì ti afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Adégbénró rí wúrà tó ń kọ mọ̀nà, inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó ń wo wúrà, kò wo ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Jẹ́ẹ́dé ti gbàgbé ohun kan: púpọ̀ nínú pátákó ìlú ni kò ní àmì. Orí làwọn èèyàn fi ń kà wọ́n, wọn kì í fi ojú kà wọ́n. Gbogbo ayé ń kọjá, wọ́n ń ka ọ̀ṣọ́ níbi tó kọ òṣó sí. Ó dà bíi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni àmì yé láyé, òun náà sì ti kú.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni Tíṣà Olúwafọlákẹ́mi gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó dúró. Ó ní kí ọmọbìnrin kan kà á. Ọmọ náà ní Ilé Ọ̀ṣọ́.

Tíṣà ní, "Ohun tó wà níbẹ̀ ni kó o kà, kì í ṣe èyí tó wà lórí ẹ."

Ọmọ náà tún un wò. "Ilé Òṣó."

Ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n fi gbọ́ ọ títí dé ìdíkọ̀. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, kò sí ọlọ́kadà tó ń pe ibẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Adégbénró mọ́. "Ilé Òṣó, wọlé ká máa lọ." Ìyàwó ojú ọ̀nà kan wá gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó ní ilé òṣó kọ́ ni orúkọ òun yóò ti jáde lọ sílé ọkọ. Adégbénró gé bébà pupa roboto méjì, ó lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló wá burú jù. Wọ́n ní òṣó ti wọ bàtà.

Ó wá bá Jẹ́ẹ́dé. Ó ní àmì bọ́ lára iṣẹ́ yẹn, pé òun mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kó wá bá òun fi sí i.

"Kò bọ́," ni Jẹ́ẹ́dé wí. "Mo yọ ọ́ ni. Méjì sì ni." Ó fi ìdérí ẹ̀rọ hàn án.

Adégbénró wo àmì méjì náà. Ó wo ojú Jẹ́ẹ́dé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Kí lo fẹ́?"

"Ẹ lọ sí ìdíkọ̀. Ohun tí ẹ sọ níbẹ̀ nípa ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ pé irọ́ ni, kí ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ pa irọ́ náà."

Ó jiyàn, ó búra, ó tún bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó lọ. Jẹ́ẹ́dé tẹ̀ lé e, àmì méjì náà wà nínú páálí ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀. Adégbénró dúró láàárín àwọn ọlọ́kadà, ó wúkọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa olóògbé Mùyìbátù, irọ́ ni, obìnrin dáadáa ni.

Ràsáàkì bi í pé, "Ta ló sọ ọ́?"

Adégbénró ní àwọn èèyàn ni. Àwọn ayé.

Ràsáàkì tún bi í. Ó ní àwọn ayé náà ni. Àwọn ọlọ́kadà wojú ara wọn. Ọ̀kan fọwọ́ pa ara táǹkì rẹ̀, níbi tí ó fá ní ọjọ́sí, ó sì gbójú sílẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé kò pariwo. Ó bá Adégbénró dé ẹnu ilẹ̀kùn onídígí náà. Ó ya bébà pupa dànù. Ó mú àmì kan, ó lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọ àkọ́kọ́, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó dé páálí ìṣáná.

"Èkejì ńkọ́?"

"Ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Ìdajì àmì lẹ gbà."

"Jẹ́ẹ́dé, kí wá lèyí ń jẹ́ báyìí? Kì í ṣe ọ̀ṣọ́, kì í ṣe òṣó."

"Ọjọ́ tí ẹ bá rántí ẹni tó sọ ọ́, ẹ wá gba èyí tó kù."

Ó fi Adégbénró sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń wo dígí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ràsáàkì gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá. Ó ní kí Jẹ́ẹ́dé bá òun lẹ orúkọ òun padà. Jẹ́ẹ́dé ní kó padà wá lọ́la, ẹní ti dọ̀tí. Ràsáàkì ní òun lè dúró. Jẹ́ẹ́dé ní lọ́la.

Nígbà tó lọ tán, ó lẹ àmì kejì padà mọ́ ìdérí ẹ̀rọ. Ó bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ọpọ́n. Ó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ó ń fọ ẹní alẹ̀mọ́ náà ní rogodo-rogodo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Eruku wúrà ń jáde lára rẹ̀. Kò fi aṣọ nù ún, nítorí a kì í fi aṣọ nù ún. Ó fi í kọ́ sórí okùn, ó sì dúró tì í kí eruku má baà bà lé e, títí ó fi gbẹ.