Lẹ́tà Ẹ̀yìn Aago

Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Káàdì fi lélẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀: ẹ má ṣí lẹ́tà ilé-iṣẹ́. Bó bá dé, ẹ fi í síbi tí eku ò ti ní rí i, kí ẹ dúró dè mí.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ohunkóhun pamọ́ fún wọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣojú adójútòfò ìlera, lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ó rí ohun tí lẹ́tà ń fi ojú àwọn èèyàn rí. Obìnrin kan rí àmì ilé-iṣẹ́ lára àpò ìwé, ó rò pé wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ òun, ló bá kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin kan buwọ́ lu ibi tí kò yẹ, ó sì yọ ìyàwó ara rẹ̀ kúrò nínú káàdì ìtọ́jú wọn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyàwó náà ò fi bá a sọ̀rọ̀. Látìgbà náà ni Ìyá Káàdì ti sọ pé òun fúnra òun ni yóò máa ṣí i.

Ó mọ ọjọ́ tí káàdì kálukú ń parí bí ìyá ṣe ń mọ ọjọ́ ìbí ọmọ. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọn á rí i lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, bíírò nínú irun. Á ṣí lẹ́tà, á fi ìka hàn wọ́n níbi tí wọ́n máa buwọ́ lù, á gbé e lọ sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan tó bá di ọ̀tun, ilé-iṣẹ́ ń gé kọmíṣọ̀n díẹ̀ fún un. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ilé méjìlélógóje ló ń rìn yí ká lọ́dún.

Nínú gbogbo wọn, ti Bàbá Káfíńtà ló yàtọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ Ìyá Káàdì kú, àwọn tó wá kí i jókòó, wọ́n sunkún, wọ́n lọ. Bàbá Káfíńtà ò sunkún. Ó rí i pé ilẹ̀kùn yàrá ń há, ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú rándà, ó fá a títí tó fi ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni báyìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, káàdì ló sì ń gba oògùn fún un lóṣooṣù. Aago ara ògiri tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, òun ló kan igi yí i ká. Ìṣó tó gbé e kọ́ gùn jù, aago náà ò lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ni lẹ́tà ń gbé.

Lọ́dọọdún, á yọ ọ́ jáde, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ìyá Káàdì, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n kí yín, Bàbá. Wọ́n ní orúnkún ńkọ́?"

"Sọ fún wọn pé ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró."

Láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ìyàwó Bàbá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Aránṣọ, á dáhùn pé, "Wọn ò tiẹ̀ béèrè èmi? Àbí èmi ò sí nínú káàdì ni?" Wọn á rẹ́rìn-ín, Bàbá á buwọ́ lù ú, ó di ẹ̀ẹ̀míràn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ilé-iṣẹ́ pe àwọn aṣojú sí ìpàdé. Ọ̀gá ọ́fíìsì, ọmọkùnrin tí Ìyá Káàdì lè bí lọ́mọ, fi àwòrán hàn wọ́n lára ògiri, pẹ̀lú ọfà tó ń gòkè. Ó ní láti oṣù tó ń bọ̀, kò sí kọmíṣọ̀n mọ́ lórí oníbàárà àtijọ́. Ẹni tuntun nìkan ni wọ́n máa sanwó lé lórí. Ó ní àwọn àtijọ́ ò nílò ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn fún wọn: lẹ́tà mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ yóò máa kọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kálukú á sì sọ káàdì rẹ̀ dọ̀tun fúnra rẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìbéèrè. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní àwọn ò ní ìbéèrè, ẹkún làwọn ní. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyá Káàdì ní ìbéèrè. Ó ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀: Àwọn tèmi kì í ṣí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ jáde? Kó sọ fún ilé-iṣẹ́ pé ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún tí òun ti ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣí lẹ́tà ilé-iṣẹ́? Wọn á bi í pé ta ló rán an. Ó mu omi tó wà níwájú rẹ̀, ó sì bá àwọn yòókù jáde.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ọdún kẹta níléèwé àwọn nọ́ọ̀sì. Ìrìn ilé méjìlélógóje yẹn ló ń san owó iléèwé náà. Ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo, nítorí náà ó yan eku kan. Ó ní òun á fi oṣù mẹ́ta wá ẹni tuntun kí ọmọ lè parí ọdún rẹ̀, lẹ́yìn náà òun á padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun, bí wọn ò tiẹ̀ sanwó. Ó ń dúró lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lásìkò tí wọ́n ń ṣíwọ́. Ẹ̀ṣọ́ kan ti mọ̀ ọ́n débi pé bó bá ti yọ, á ní, "Ìyá, ẹ tún dé? Èmi ò tíì ṣàìsàn láti àná o."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó kọjá lórí òpópónà tí ilé Bàbá Káfíńtà wà. Oṣù káàdì Bàbá ni. Ó mọ̀. Ó dúró, ó tiẹ̀ dà bíi pé ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì kan ti ṣèlérí pé àwọn á jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láago méjì, ó sì ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi í tu ara rẹ̀ nínú pé lẹ́tà mẹ́ta kì í ṣe kékeré, wọn á ti ṣí ọ̀kan nínú rẹ̀. Irọ́ tí èèyàn bá pa fún ara rẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí.

Oṣù méjì àbọ̀ lẹ́yìn náà, Màmá Aránṣọ pè é lórí fóònù.

"Ìyá Káàdì, ṣé àlàáfíà lo wà? A rò pé ara rẹ ò yá ni."

Kò bínú. Èyí ló kọ́kọ́ gún Ìyá Káàdì láyà. Lẹ́yìn ìkíni ni ọ̀rọ̀ wá ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ní bí ogójì ọjọ́ sẹ́yìn, ọmọbìnrin tó ń gba káàdì ní ọsibítù ti fi ti Bàbá sínú ẹ̀rọ, ó ní káàdì náà ti kú. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní oníkáàdì ń bọ̀. Màmá fẹ́ tẹ Ìyá Káàdì láago nígbà náà, Bàbá ní kó má wulẹ̀ dà á láàmú: kò kùnà rí, ẹni tó pẹ́, nǹkan ló dá a dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn rẹ̀ sí méjì. Nígbà tó yá, kò sí èyí tó máa pín mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, bó ṣe ń fá ẹsẹ̀ àga kan, rándà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n rò pé ó yọ̀ ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, òun náà ṣubú. Àrùn rọpárọsẹ̀, apá ọ̀tún.

Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e wá fún ìtọ́jú ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kí ọwọ́ náà padà. Wọ́n ní kí wọ́n mú káàdì dání.

"O ò rí i pé ìwọ náà la ń retí," ni Màmá wí.

Ìyá Káàdì ò dúró jẹun kó tó gba ọ́fíìsì lọ. Ọ̀gá náà wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò wò ó. Ó ní, "Màmá mi, ọgbọ̀n ọjọ́ la fi ń dúró dè wọ́n. Ó ti kọjá. A sì kọ lẹ́tà mẹ́ta."

"Wọn ò ṣí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣí i."

Ọ̀gá náà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ó ní òun ò gbọ́ èyí tó sọ yẹn, kí ó má sì tún un sọ níbòmíràn. Ó ní Bàbá lè padà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun, ṣùgbọ́n àìsàn tí ẹni tuntun bá gbé wọlé, ó di ọdún kan kí káàdì tó lè yíjú sí i. Ó yọ fọ́ọ̀mù kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣoore.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé oníbàárà tuntun ni yóò jẹ́? Ẹ máa gba kọmíṣọ̀n lórí rẹ̀."

Bóyá àánú ló fi sọ ọ́. Ìyá Káàdì gba fọ́ọ̀mù náà nítorí pé ó ti nà án sí i.

Nígbà tó wọ pálọ̀ Bàbá Káfíńtà, ohun tó kọ́kọ́ rí ni ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà tẹ́lẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin ti dá ihò sára tápólì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Màmá rí ibi tó ń wò, ó ní òun ti tà á, owó rẹ̀ ló san ọjọ́ mẹ́rin tí Bàbá lò ní ọsibítù, kò burú, ojú òun ò tiẹ̀ rí òwú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wá béèrè pé ọ́fíìsì ńkọ́.

"Wọ́n ní ó di ọdún kan, Màmá."

Màmá ní, "Dókítà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọwọ́ fi ń gbọ́ràn." Ó tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ṣe.

Wọ́n ti gbé Bàbá sùn sórí ibùsùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó rí Ìyá Káàdì, ìdajì ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó nà án sí aago. Màmá lọ yọ wọ́n jáde: lẹ́tà mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹnu wọn, eruku wà lórí àkọ́kọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn fún un. "A tọ́jú wọn fún ọ."

Ìyá Káàdì fa bíírò yọ nínú irun rẹ̀, ó fi la ẹnu lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ẹnu Bàbá ti wọ́ sápá kan. Ọ̀rọ̀ ń jáde bí ìṣó tí wọ́n ń fà yọ nínú igi líle. "Kí… ni wọ́n wí?"

Kò ka lẹ́tà fún un rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra. Ó kà á. Èkíní ní ọjọ́ káàdì ń sún mọ́lé. Èkejì ní ọjọ́ ti pé, ó ku ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ̀kẹta ní àwọn ti pa á dé, àwọn dúpẹ́ fún àjọṣe. Kò fo ọ̀rọ̀ kankan, títí dé orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Bàbá fetí sí i bí ẹni tí wọ́n ń ka iye pákó fún. Nígbà tó parí, ó ṣì ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń dúró de ìyókù.

"Wọn ò… kí mi?"

"Wọn ò kí yín, Bàbá. Wọn ò kí yín rí. Èmi ni mo máa ń kí yín."

Omi dà lójú ọ̀tún Bàbá, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti sọ pé ojú yẹn á máa domi fúnra rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, nítorí náà Ìyá Káàdì ò lè mọ èyí tó jẹ́.

Màmá Aránṣọ kó lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí itan Ìyá Káàdì, ó gbọ̀n wọ́n kí etí wọn lè dọ́gba, ó sì dá wọn padà sẹ́yìn aago, níbi tí wọ́n ń gbé.