Àwọn Tí Rafif Bo Ojú Wọn

Fídíò ìgbéyàwó ni Rafif ń yà jẹun ní àdúgbò Karrada, ní Baghdad, níhà tí àwọn obìnrin ń dá jókòó sí. Àwọn ìyàwó fẹ́ràn rẹ̀, torí kì í jẹ́ kí àwòrán ẹnikẹ́ni bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin tí kò kàn. Nígbà tí ìwọ́de tako ìjọba bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ó gbé kámẹ́rà náà lọ sí Gbàgede Tahrir. Ó ya àwọn tó ń se ìrẹsì nínú ìkòkò ràgàjì, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá sáré gbé ẹni tí ìbọn bà, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń bu omi sójú ẹni tí tajútajú ta.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Wọ́n á kúrò ní gbàgede, wọn ò ní délé. Wọ́n ní inú fọ́nrán ìwọ́de ni àwọn agbébọn ti ń dá ojú wọn mọ̀. Rafif jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi ìmọ́lẹ̀ funfun bo ojú kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹ̀wù. Ó yọ ohùn kúrò, ó to àwọn ọwọ́ léra, ó jẹ́ kí wọ́n máa nà sókè díẹ̀díẹ̀ láìbalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pa fọ́nrán àkọ́kọ́, èyí tí ojú wọn ṣì hàn nínú rẹ̀, rẹ́ pátápátá.

Wọ́n tan fídíò náà sára ògiri yàrá àfihàn iṣẹ́ ọnà kékeré kan. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan wọlé nínú abáyà dúdú. Mujtaba ọmọ rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, wà lára àwọn tó pòórá.

"Ìwọ lo ni nǹkan yìí?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bu tíì fún yín."

"Tíì kọ́ ni mo wá mu. Mujtaba pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ tí kò padà wálé, ó ní obìnrin kan ya òun nítòsí afárá. Fi hàn mí. Mo fẹ́ mọ ẹni tó dúró tì í."

"Mo ti bo ojú gbogbo wọn."

"Ṣí i, nígbà náà."

"Kò ṣeé ṣí mọ́, Ìyá. Mo ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Mo fẹ́ dáàbò bò wọ́n ni."

"Ó dà, ẹni tí o dáàbò bò?"

Ìyá Mujtaba fìdí kalẹ̀ síwájú ògiri. "Ṣé ọwọ́ rẹ̀ rèé? Èyí ńkọ́?" Rafif ò mọ̀. Títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, ó ń bi í.

Lọ́jọ́ kejì, Rafif gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Wathiq, ẹni tó máa ń bá a tún un ṣe. Ọjọ́ méjì ni Wathiq fi wá fọ́nrán tó pa rẹ́ náà.

"Àbúrò mi, o pa á rẹ́ dáadáa jù. Ká ní ọ̀lẹ ni ẹ́ ni, ì bá ṣẹ́ kù díẹ̀."

Nígbà ìrúwé, lẹ́tà dé láti yàrá àfihàn kan ní ìlú òkèèrè: wọ́n fẹ́ gbé fídíò náà lọ fi hàn níbẹ̀. Wọ́n yìn ín pé ojú tí kò sí yẹn ló wú wọn lórí jù. Rafif ká lẹ́tà náà, ó fi sábẹ́ àwo.

Ìyá Mujtaba ò yé pè é láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

"Ṣé nǹkan kan ti yọ?"

"Rárá, Ìyá."

"Wọn ò rí i ní ọsibítù. Àwọn ọlọ́pàá ní kí n padà wá."

Rafif gbé fóònù mọ́ etí. Ó bi Ìyá Mujtaba bóyá ó ti jẹun.