Ohùn tí Kọ̀ǹpútà Gbé Mì

Ní ibùdókọ̀ ńlá tó wà nídìí afárá, obìnrin kan wà tí gbogbo awakọ̀ ń pè ní Olóhùn-iyọ̀. Inú yàrá onígíláàsì ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa kéde ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra àti ẹni tó gbàgbé ẹrù. Bó bá ní kí èrò má sáré, wọn kì í sáré. Awakọ̀ àgbàlagbà kan sọ pé bí obìnrin yìí bá bú òun lórí ẹ̀rọ, òun á dúpẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ohùn ni òun fẹ́, pé ara kàn sin ohùn wálé ni.

Ọ̀nà ọ̀fun obìnrin náà ni àìsàn gbà wọlé. Ó kọ́kọ́ rò pé òtútù ni, ó ń fi omi gbígbóná pa á. Nígbà tí dókítà máa sọ̀rọ̀, kò fi epo bọyọ̀.

"Jẹjẹrẹ ni, màámi. A máa yọ àpótí ohùn yín. Ẹ ò ní kú, ṣùgbọ́n ẹ ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀rọ̀ sọ dáadáa nígbà náà ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí Olóhùn-iyọ̀ bá ti tibi iṣẹ́ dé, á ti ìlẹ̀kùn yàrá, á ta aṣọ sára fèrèsé kí ariwo títì má baà wọlé, á wá máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kó lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ de ọmọ náà. Ó pàlọ́. Ó kọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó sọ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá ń bá ọmọ sọ tó bá di ọmọge, ó sì sọ tọjọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú. Ó sunkún nínú àwọn kan. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, àgàgà àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń bá wọn gbé, ẹni tí kì í rí nǹkan nílẹ̀ kó má tú u wò.

Akọ̀wé ibùdókọ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti fáìlì pa. Ó fi àmì sí ibì kan ṣoṣo, orúkọ gbogbo wọn sì di àwọ̀ ewé.

"Ṣé páàsíwọọ̀dù míì máa wà ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kọ̀ǹpútà ti mọ̀ yín. Ẹ̀yin nìkan ló máa ṣí i fún."

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ kékeré kan jáde nísàlẹ̀, pé kó tọ́jú ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó ń ṣí àwọn fáìlì náà síbòmíì. Obìnrin náà ń kánjú. Ó pa á dé.

Ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nígbà tí kọ̀ǹpútà náà dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń tàn, ó ń kú. Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ bá oníkọ̀ǹpútà tó wà ládùúgbò wọn.

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi wà nínú rẹ̀ o," ni káfíńtà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sọnù."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ibi tí ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́ wà nìkan ni màá pa rẹ́, màá wá fi tuntun sí i. Mi ò ní fọwọ́ kan fáìlì yín."

Òótọ́ ló sọ. Kò fọwọ́ kàn án.

Olóhùn-iyọ̀ padà wálé pẹ̀lú ihò lọ́rùn àti pátákó kékeré tó ń kọ̀rọ̀ sí. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan, ó tan kọ̀ǹpútà. Gbogbo orúkọ fáìlì pé síbẹ̀, wọ́n tutù bí ewé. Ó tẹ àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà ní kò láṣẹ láti ṣí i. Ó tẹ èkejì. Ó tẹ̀ wọ́n títí dórí èyí tó kẹ́yìn. Kò lè pariwo, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì títí ọmọ fi bú sẹ́kún.

Oníkọ̀ǹpútà wá fúnra rẹ̀. Ojú tì í.

"Orúkọ yín ni mo fi sí i, páàsíwọọ̀dù yín náà ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, ìyẹn ò sọ wọ́n di ẹnì kan. Lójú kọ̀ǹpútà yìí, àlejò ni yín. Inú ètò àtijọ́ tí mo pa rẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣé ẹ tọ́jú ọ̀kan sórí fláàṣì?"

Obìnrin náà mi orí.

"Ṣé kò ṣeé wá ni?" ni ọkọ bi í.

Ó ní ohun tí a pa rẹ́ a máa fi àpá sílẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀kì lára pátákó, àfi bí wọ́n bá kọ nǹkan míì lé e. Ó gbé díìsìkì inú kọ̀ǹpútà náà lọ, ó ń wá a kiri inú rẹ̀. Ìlàjì kọ́kọ́rọ́ ló rí. Ètò tuntun ti jókòó lé ìlàjì kejì.

Wọn ò jáwọ́. Wọ́n lọ bá obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gba fáìlì sílẹ̀. Ó yẹ díìsìkì wò pẹ́, ó sì kọjú sí Olóhùn-iyọ̀, kò kọjú sí ọkọ.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní tàn yín. Bí wọ́n kó gbogbo kọ̀ǹpútà ayé jọ, ọmọ yín á darúgbó kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó tì í, ó tì í dáadáa."

Olóhùn-iyọ̀ kọ ọ́ sórí pátákó: *Èmi ni mo tì í.*

Nílé, káfíńtà kò sinmi. Ká ní òun ò gbé e jáde. Ká ní òun dúró kí ìyàwó òun dé. Ó sọ ọ́ títí obìnrin náà fi kọ ọ́ sí i pé: *Ohùn ni wọ́n yọ, wọn ò yọ etí. Ó tó.* Ọkọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí mọ́ ọn lẹ́nu di ẹkún.

Níbi iṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù àgbàgbé sí. Ohùn ẹlòmíì ló ń kéde ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kí wọ́n má pè é ní Olóhùn-iyọ̀ mọ́, orúkọ náà kàn já sílẹ̀ ni. Díìsìkì wà láàárín aṣọ rẹ̀, ohun gbogbo sì pé nínú rẹ̀. Ká ní ó jóná ni, wọn ì bá ti sunkún tán.

Nígbà tó yá, káfíńtà rí ohùn ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo nínú fóònù ara rẹ̀, èyí tí ó fi ránṣẹ́ láti ibùdókọ̀ láàárín ariwo mọ́tò. Ó pe ọmọ, tó ti ń lọ síléèwé báyìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ fún un.

"Ẹ má gbàgbé ọṣẹ o. Ẹ gbọ́? Ọṣẹ."

"Ta nìyẹn, bàámi?"

"Màmá ẹ ni."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ tó ń ká aṣọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Irọ́ o! Màámi kì í sọ̀rọ̀."

Káfíńtà fẹ́ tún un tẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nawọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì padà sídìí aṣọ.