Omi Ìrẹsì tí Mallabbe Gbé fún Ọba

Mallabbe ló fún ọba lọ́mú nígbà tí ìyá tó bí i kú, òun náà ló sì ń dáná fún un títí ó fi gorí ìtẹ́. Ìtẹ́ wo ni ká tilẹ̀ pè é? Ọdún kò yí po tí ọ̀tá fi gba ìlú, tí àwọn ìjòyè tó fi í jọba sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọba gun òkè lọ bá àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn rẹ̀, àwọn Jáínì ilẹ̀ Íńdíà tí kì í pa ohun ẹlẹ́mìí kankan, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò máa fi oúnjẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀mí òun yóò fi bọ́. Gbogbo èèyàn ń sọ pé ikú ọlá ni. Lójú Mallabbe, ọmọ òun ló fẹ́ kú, ó sì tẹ̀ lé e lọ.

Ọba fi ìrẹsì sílẹ̀, ó fi wàrà sílẹ̀, ó wá ku omi nìkan. Mallabbe ló ń fi aṣọ sẹ́ omi náà láràárọ̀, kí kòkòrò má baà kú sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò burúkú ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn: ṣebí ohun tí aṣọ bá ti sẹ́, omi ni? Ó se ìrẹsì, ó sẹ́ omi rẹ̀ ní àsẹ́túnsẹ́, ó sì bù ú mọ́ omi ọba. Nígbà tó yá, ojú ọba ń mọ́lẹ̀ díẹ̀, inú Mallabbe sì ń dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọba tọ́ omi náà wò, ó gbé ife sílẹ̀.

“Ìyá, ìrẹsì wà nínú omi yìí.”

“Ìrẹsì kẹ̀? Níbo ni mo ti fẹ́ rí ìrẹsì lórí àpáta?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ ẹnu yìí ní ìrẹsì. Ẹ ò lè tàn án.”

Mallabbe gbàgbé pé ọba ló ń bá sọ̀rọ̀. “Mo fi sí i. Ṣé kí n kàn máa wò ọ́ ni, kí o máa gbẹ lójú mi?”

Ọba ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. “Ẹ̀jẹ́ mi ti bà jẹ́, Ìyá. Láti òní, mi ò mu omi mọ́.”

Ó wá pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, bí àwọn èèyàn wọn ti ń ṣe kí wọ́n tó kú.

“Tí mo bá ní mi ò dárí jì ọ́ ńkọ́?”

“Màá dúró dè yín.”

Ètè ọba ti là. Mallabbe wò ó títí, kò lè fara dà á. Ó ní òun dárí jì í.

Omi lásán ì bá gbé e dé ìgbà òtútù. Ó kú kí oṣù tuntun tó lé, Mallabbe sì mọ ohun tó mú ikú rẹ̀ yá.