Ayálégbé Inú Àpótí Gíláàsì

Iná lọ, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sì dákẹ́. Màmá tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa gbé tẹ̀súbáà rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó fọwọ́ ti orúnkún dìde, ó mú kọ́ọ̀pù ike, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bu omi nínú àpótí gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé e sókè dé iwájú orí rẹ̀, ó sì dà á padà díẹ̀díẹ̀ kó lè hó. Ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀. Nígbà tí apá ọ̀tún rẹ̀ ẹ́, ó fi ti òsì. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ó ní ohun tó wà nínú omi náà ń mí bíi tèmi, pé bí omi bá dúró sójú kan, èémí inú rẹ̀ á tán.

Akàn ni. Akàn òkun kékeré kan tí ìdí rẹ̀ rọ̀ bí ẹran ìgbín, tí kò sì ní ìkarahun ti ara rẹ̀. Inú ìkarahun tí ẹ̀dá mìíràn kú fi sílẹ̀ ló ń gbé, bó bá sì ti dàgbà, á wá èyí tó tóbi jù ú lọ, á kó wọ ibẹ̀. Nítorí náà ni màmá ṣe máa ń to ìkarahun òfìfo sílẹ̀ fún un lórí yanrìn, kékeré àti ńlá. Àwa ọmọ ilé ń pè é ní Ayálégbé. Àwọn ìyá wa máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé nínú gbogbo àwa tó háyà yàrá nínú ilé yẹn, òun nìkan ni onílé ò lè lé jáde.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí màmá náà bí ló gbé e wá láti Èkó. Inú ọkọ̀ òkun ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó kó àpótí, ẹ̀rọ, yanrìn àti àpò iyọ̀ òkun sílẹ̀, ó ní kí ìyá òun máa tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi dé. Màmá sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ lé lọ́wọ́. Omi ẹ̀rọ kì í lọ tààrà sínú àpótí. Inú agbada tó ṣí sílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wà títí òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ omi yóò fi kúrò lára rẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án. Ó fi tìróò fa ìlà sára gíláàsì níta. Bí ooru bá mú omi lọ sísàlẹ̀ ìlà náà, omi lásán ló ń fi kún un, kì í ṣe omi oníyọ̀. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Omi ló ń fò lọ. Iyọ̀ kì í fò. Bí o bá tún fi iyọ̀ sí i, o ti pa á nìyẹn."

Ẹja tútù tó fẹ́ẹ̀ tó orí ìṣáná ló ń fún un jẹ, á sì fi ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan yọ èyí tó bá ṣẹ́kù. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, á rẹ imú sílẹ̀ sójú omi. Bó bá ń rùn, nǹkan kan ti kú níbẹ̀. Bí kò bá rùn, àlàáfíà ni.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe ọmọ màmá lórí fóònù tí kò lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi wọlé lọ kí màmá, ó sì rí Ayálégbé nílẹ̀ lórí yanrìn, lẹ́yìn òde ìkarahun rẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wọ ilẹ̀. Ìyá mi ti mú abọ́ kan lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò kó tó ba omi jẹ́."

Màmá tẹ̀ ba, ó gbóòórùn omi náà, ó tún un gbọ́. "Kò rùn," ló wí. "Ẹ̀wù ló bọ́. Ẹ fi sílẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún wa pé bí ara rẹ̀ bá ti kún, ó máa ń bọ́ awọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, tẹsẹ̀ tẹsẹ̀, á wá fara pa mọ́ sínú ìkarahun títí awọ tuntun yóò fi le. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lásìkò yẹn ló máa pa á ní tòótọ́. Ó fi ìró bo gíláàsì náà. Ìyá mi jáde, ó mi orí, ó sì sọ fún bàbá mi pé ìrònú ọmọ ti ń wọ màmá lára.

Ìró yẹn ṣì wà lórí gíláàsì nígbà tí àbúrò ọkọ màmá dé láti Ọjà-Ọba, tòun ti àáfáà kan àti báàgì kan. Ẹni tó bá ọmọ náà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ló kó báàgì ọ̀hún wá. Ó ní èbúté kan ni ọmọ náà sọ̀ sí tí kò padà mọ́, ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ sì lọ. Ẹ̀wù rẹ̀ ló kún inú báàgì.

"Ìyàwó wa," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "ẹ jẹ́ ká ṣe fìdáù fún un. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Màmá fa ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ, ó gbé e sí imú. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó ká a, ó dá a padà.

"Ọkọ mi, ẹ̀wù lẹ gbé wá fún mi. Ta ló rí òkú?"

Àáfáà ṣàdúà kúkúrú pé kí Ọlọ́run mú ọmọ náà wálé, wọ́n sì lọ. Iná tún lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Màmá dìde, ó mú kọ́ọ̀pù.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ayálégbé jáde. Ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ojú tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wọ́ lọ bá awọ rẹ̀ àtijọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Màmá ní kí n lọ pe ìyá mi. Nígbà tó dé, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún un:

"Ẹ wá wo òkú yín."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìborùn nu ojú.

Ayálégbé jáde. Ọmọ màmá kò jáde, títí a fi kó kúrò nínú ilé yẹn. Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe gbé e wá. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé màmá ti dolóògbé, n kò sì mọ ẹni tó wá ṣe fìdáù ọmọ rẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe é.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé màmá borí gbogbo wọn ni. Èmi náà ti bímọ báyìí. Lọ́nà Táíwò ni ilé ìwé ọmọ mi wà. Bó bá pẹ́ tí kò dé, ará ilé á ní bóyá kẹ̀kẹ́ ló bàjẹ́. Èmi á ti máa rí báàgì ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo máa ń sọ fún ara mi pé n kò tíì rí òkú. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹni tó bá kọ̀ láti sin òkú tí kò rí kò ní í jókòó mọ́. Apá á máa wá iṣẹ́ ṣe. Ìyẹn ni mo ṣe ń fi kọ́ọ̀pù bu omi láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú garawa, tí mo sì tún ń dà á padà.

Lánàá, géètì dún. Ọmọ mi wọlé, mo fà á mọ́ra, mo rẹ imú sí orí rẹ̀: òógùn, eruku, bisikíìtì.

Ó ní, "Màámi, kí lẹ tún ń gbóòórùn?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Apá ń ro mí.